Orúkọ Tí Ó Yẹ Iṣẹ́: Ìtọ́jú Ẹnu Ojoojúmọ́ fún Àwọn Arúgbó ní Ilé Ìtọ́jú

1. Ìfáárà

Láàrin àwọn Yorùbá, ẹnu fífọ̀ ni ó máa ń ṣáájú ìkíni òwúrọ̀. Wọ́n máa ń kọ́ ọmọdé pé kí ó fọ ẹnu kí ó tó wá kí àgbà, àgbà tí ó mọ iyì ara rẹ̀ náà kì í sì í fẹ́ bá àlejò sọ̀rọ̀ pẹ́ títí kí orín tó kan eyín rẹ̀. Orín àtà àti pákò Ìjẹ̀bú ti wà lọ́wọ́ àwọn baba ńlá tipẹ́tipẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó dé. Ṣùgbọ́n gbogbo àṣà yìí dúró lé orí ohun kan, èyí ni pé olúkúlùkù yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ẹnu ara rẹ̀. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ bá mú kí ọwọ́ má lè gbé orín mọ́, tàbí tí iyè bá rà tó bẹ́ẹ̀ tí arúgbó kò fi rántí ohun tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe, àṣà kò sọ ẹni tí iṣẹ́ náà já lé léjìká. Àwọn àgbà wí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí sọ ti oúnjẹ òkété. Kò sọ ti ẹni tí yóò fọ ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá mu ọmú tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ni ó ń ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti ìgbà èwe wọn kọjá sí òkè òkun ti ń di arúgbó níbẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti di ẹni tí ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní Èkó àti ní Ìbàdàn pàápàá, ilé ìtọ́jú arúgbó wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọmọ àti ìbátan ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn arúgbó ṣì ń gbé.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú ìdí tí iṣẹ́ ìtọ́jú ẹnu fi máa ń bọ́ sọnù láàrin iṣẹ́ òòjọ́ ni pé kò ní orúkọ tí ó yẹ ẹ́. “Ẹnu fífọ̀” ni wọ́n ń pè é, orúkọ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà ń ṣe fúnra rẹ̀, wọ́n sì ń kà á mọ́ àwọn iṣẹ́ wẹ́wẹ́ tí ó lè dúró di ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé ìtọ́jú ìṣègùn gan-an ni. Àwọn onímọ̀ tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá ní ipa tiwọn láti kó nínú àtúnṣe rẹ̀.

2. Bí ẹnu ṣe kan ẹ̀dọ̀fóró

Kí ọ̀rọ̀ tó dé orí orúkọ, ó yẹ kí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹnu arúgbó kọ́kọ́ yé òǹkàwé. Lára eyín tí wọn kò fọ̀, ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó ń yọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ eyín láàrin wákàtí díẹ̀. Kì í ṣe ìyókù oúnjẹ lásán. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni ó kóra jọ síbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, tí wọ́n sì fi ohun tí ó rí bí oje igi lẹ ara wọn mọ́ eyín. Omi tí wọ́n fi ṣan ẹnu kò lè ṣí wọn nídìí. Àfi kí irun búrọ́ọ̀ṣì tàbí ti orín gbo wọ́n kúrò. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, èrìgì, ìyẹn ẹran tí ó di eyín mú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú, yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò le bí òkúta, kò sì sí búrọ́ọ̀ṣì tí yóò lè kó wọn kúrò mọ́ àfi irin iṣẹ́ dókítà eyín.

Ẹnu tí ara rẹ̀ dá ní itọ́ tí ó ń ṣàn, tí ó sì ń gbá ìdọ̀tí lọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú oògùn tí àwọn arúgbó ń lò, irú bí àwọn kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, máa ń mú ẹnu gbẹ. Ẹ̀wẹ̀, arúgbó tí rọpárọsẹ̀ kọlù, tàbí tí iyè rẹ̀ ti rà, lè má lè gbé nǹkan mì dáadáa mọ́. Nígbà tí ó bá sùn, itọ́ tí ó kún fún kòkòrò lè ṣì yà sí ọ̀nà èémí, kí ó sì dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí ara rẹ̀ le yóò wúkọ́, yóò sì tì í jáde. Ikọ́ aláìlera kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní wúkọ́ rárá, ẹni tí ó jókòó tì í kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ibà yóò dé, èémí yóò máa yára, arúgbó kò sì ní fẹ́ jẹun mọ́.

3. Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ní ọdún 1999, Yoneyama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jàpáànù tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìṣègùn tí ń jẹ́ The Lancet. Ilé ìtọ́jú arúgbó 11 ni wọ́n ti ṣe é, ó sì gbà wọ́n ní ọdún méjì. Wọ́n pín àwọn arúgbó sí ọ̀nà méjì. Fún apá kan, àwọn olùtọ́jú ń fọ eyín wọn lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, àwọn oníṣẹ́ eyín sì ń wá tọ́jú wọn bí ó bá ti yẹ. Apá kejì wà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn 182 tí wọn kò ṣe ìtọ́jú yìí fún, òtútù àyà mú 34, ó sì pa 30. Nínú àwọn 184 tí wọ́n ṣe é fún, ó mú 21, ó sì pa 14. Búrọ́ọ̀ṣì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ni olórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin apá méjèèjì.

Síbẹ̀síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí èyí ṣe ìlérí àṣejù. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2015, tí wọ́n ṣe ní Connecticut ní Amẹ́ríkà, kan ilé ìtọ́jú 36 àti arúgbó 834. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi oògùn apakòkòrò tọ́jú ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, wọ́n sì ń mú kí àwọn arúgbó jókòó ṣánṣán nígbà oúnjẹ. Òtútù àyà kò torí rẹ̀ dín kù. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní North Carolina sọ ohun tí wọ́n rí ní ilé ìtọ́jú 14, níbi tí arúgbó 2,152 wà. Ní àwọn ilé tí wọ́n ti kọ́ àwọn olùtọ́jú ní ọ̀nà tí ó yẹ láti tọ́jú ẹnu, òtútù àyà dín kù ní ọdún kìn-ín-ní. Ní ọdún kejì, àǹfààní náà kò dúró.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Èkíní ni pé kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n tọ́jú ẹnu arúgbó. Bí òtútù àyà kò bá tilẹ̀ sí láyé, eyín tí ń dunni, èrìgì tí ń ṣẹ̀jẹ̀, oúnjẹ tí kò ṣeé jẹ, àti òórùn ẹnu tí ń lé ọmọ-ọmọ sẹ́yìn tó ìyà fún àgbà. Èkejì ni pé ìtọ́jú ẹnu kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì dúró títí. Ojoojúmọ́ ni, bí oúnjẹ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ tí ń gbé ìlànà ìlera kalẹ̀, NICE, ti sọ ní ọdún 2016 pé kí ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan yẹ ẹnu arúgbó wò nígbà tí ó bá kọ́kọ́ dé, kí wọ́n kọ ohun tí ó nílò sínú ètò ìtọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì máa fọ eyín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán lóòjọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fúlóráìdì. Ní ọdún 2019, àjọ tí ń bẹ àwọn ilé wọ̀nyí wò, Care Quality Commission, jẹ́ kí ó di mímọ̀ pé ìdá 52 nínú 100 àwọn ilé tí wọ́n lọ kò ní ìlànà kankan lórí ìlera ẹnu. Ìdá 47 kò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní iṣẹ́ náà. Nínú àwọn ètò ìtọ́jú tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 73 ni kò mẹ́nu bà á rárá tàbí tí ó kàn fọwọ́ bà á. Kì í ṣe ìmọ̀ ni ó wọ́n ní àwọn ilé wọ̀nyí. Ohun tí ó wọ́n ni àyè fún iṣẹ́ yìí nínú ìwé àti nínú ọjọ́ òṣìṣẹ́, àyè kì í sì í sí fún ohun tí kò ní orúkọ.

4. Orúkọ tí ń ṣi ọwọ́ lọ́nà

Orúkọ a máa ro ènìyàn. Orúkọ a sì máa ro àrùn. “Òtútù àyà” ni orúkọ tí gbogbo Yorùbá mọ̀ fún àrùn tí kòkòrò ń dá sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí yóò rò pé òtútù ni ó fà á. Nítorí náà yóò ti fèrèsé, yóò bo arúgbó ní aṣọ méjì, yóò sì fi òróró pa á láyà. Kò burú kí ara arúgbó móoru, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú orúkọ náà tí yóò rán olùtọ́jú létí pé kí ó wo inú ẹnu. Àrùn náà ti gba ẹnu wọlé, orúkọ rẹ̀ sì ń tọ́ka sí fèrèsé.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ “kòkòrò” rí. Láti ìgbà láéláé ni wọ́n ti ń sọ pé kòkòrò ní í jẹ eyín, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ní lọ́kàn ni ekòló tàbí ìdin tí ojú lè rí. Arúgbó tí eyín kò dùn, tí wọn kò sì rí ihò lára eyín rẹ̀, kò ní kòkòrò lójú wọn. Èyí ni ó fi yẹ kí “àìfojúrí” máa tẹ̀lé “kòkòrò” nígbà gbogbo nínú ìwé ìlera, títí tí ìyàtọ̀ náà yóò fi wọ́ àwọn ènìyàn létí.

Ní ti “ẹnu fífọ̀” fúnra rẹ̀, àìsàn rẹ̀ ni pé ó fẹ̀ jù. Olùtọ́jú tí ó fi omi ṣan ẹnu arúgbó yóò sọ pé òun ti fọ̀ ọ́. Ẹni tí ó fi aṣọ nu ètè àti ahọ́n yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi kànrìnkàn kékeré orí igi kan ahọ́n yóò sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni kànrìnkàn kò lè gbo ohun tí ó lẹ̀ mọ́ eyín kúrò bí búrọ́ọ̀ṣì ti ń ṣe. Ní ọdún 2012 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Britain tilẹ̀ kìlọ̀ pé orí irú kànrìnkàn bẹ́ẹ̀ lè já sínú ẹnu aláìsàn. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ́ orúkọ kan, nínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ kò sì sí ẹni tí yóò mọ èyí tí wọ́n ṣe.

5. Itọ́ àti ìtọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó fi hàn gbangba pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ká ní olùtọ́jú kan tí ó jẹ́ Yorùbá fi ìwé pélébé sílẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ tí ó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ lálẹ́, tí ó sì kọ ọ́ báyìí: “Ito ko si lati aaro.” Bí ó bá jẹ́ itọ́ ni ó ń sọ, ẹnu arúgbó gbẹ ni, ohun tí ó kàn ni kí wọ́n máa fún un ní omi díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan tutù pa á ní ètè, kí wọ́n sì sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó yẹ oògùn rẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ ìtọ̀ ni, arúgbó kò tíì tọ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀; ọ̀rọ̀ dókítà ni lójú ẹsẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni ó gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì, ìyàtọ̀ àárín wọn sì lè jẹ́ ìyàtọ̀ ikú àti ìyè.

Ojútùú méjì ni ó wà. Èkíní ni kí wọ́n máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìtọ́jú, ohun tí ó dára, ṣùgbọ́n tí kò dájú pé ọwọ́ tí ó ń kánjú yóò ṣe. Èkejì, tí ó dájú jù, ni kí èdè ìṣègùn má ṣe jẹ́ kí “itọ́” dá dúró mọ́: kí ó máa jẹ́ “itọ́ ẹnu” nígbà gbogbo. Bí àmì bá tilẹ̀ bọ́, ìtumọ̀ kò ní bọ́. Irú ìṣọ́ra báyìí ni ó yẹ kí ó jẹ òṣùwọ̀n fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń dá sílẹ̀ fún ilé ìtọ́jú, pé kí ó ṣeé lò ní ọwọ́ ẹni tí ó rẹ̀, ní ìgbà tí iná kò mọ́lẹ̀ tó.

6. Àbá lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ

Ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní ni “ìtọ́jú ẹnu”. Kí ó dúró fún iṣẹ́ mẹ́rin tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: yíyẹ inú ẹnu wò, fífi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín àti ibi tí eyín ti pàdé èrìgì, mímú eyín àtọwọ́dá mọ́, àti sísọ ohun tí wọ́n bá rí fún nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó bá ṣe ẹyọ kan nínú mẹ́rin kò tíì ṣe ìtọ́jú ẹnu. Kí “ṣíṣan ẹnu” àti “nínu ẹnu” máa jẹ́ orúkọ ara wọn, kí wọ́n má ṣe gba orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni “àlẹ̀mọ́ eyín”, fún ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń yọ̀ tí kòkòrò àìfojúrí fi ń lẹ̀ mọ́ eyín. “Ìdọ̀tí eyín” tí àwọn kan ń lò kò tó, nítorí pé ìdọ̀tí ni omi lè ṣàn lọ. Àlẹ̀mọ́ fi hàn nínú orúkọ rẹ̀ pé gbígbo ni ó ń fẹ́. Nígbà tí àlẹ̀mọ́ bá ti le, kí ó máa jẹ́ “èépá eyín”. Gbogbo ènìyàn mọ èépá lára egbò, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi tipátipá ṣí. Orúkọ náà yóò sọ fún olùtọ́jú pé iṣẹ́ dókítà eyín ni èyí, kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni “èrìgì ṣíṣẹ̀jẹ̀”. Ó yẹ kí àlàyé tẹ̀lé e nínú ìwé atúmọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ olùtọ́jú tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì máa ń bẹ̀rù, wọn a sì dáwọ́ dúró. Òdì kejì ni òtítọ́. Èrìgì ń ṣẹ̀jẹ̀ nítorí pé àlẹ̀mọ́ wà nídìí eyín. Bí wọ́n bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbo ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ náà sábà máa ń dín kù láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí kò bá dín kù, tàbí bí arúgbó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí nọ́ọ̀sì gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kẹrin, “eyín àtọwọ́dá”, ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, kò sì sí ìdí láti pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó kù ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó bá a rìn. Kí “yíyọ alẹ́” jẹ́ orúkọ fún yíyọ eyín náà kúrò lẹ́nu nígbà tí arúgbó bá fẹ́ sùn, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ lórí abọ́ omi kí ó má baà fọ́ bí ó bá bọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín sí i lára. Ìwádìí kan ní Jàpáànù tí ó jáde ní ọdún 2015, lórí àwọn àgbàlagbà 524 tí wọ́n ti lé ní ọdún 85, fi hàn pé ewu òtútù àyà fún àwọn tí ń fi eyín àtọwọ́dá sùn ju ìlọ́po méjì ti àwọn tí ń yọ ọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ karùn-ún ni èyí tí yóò gba àríyànjiyàn jù: “àrùn ẹ̀dọ̀fóró àpálórí”. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún oúnjẹ tàbí omi tí ó bá ṣì yà sí ọ̀nà èémí. Wọ́n á ní ó pá ènìyàn lórí. Láti inú rẹ̀ ni “àpálórí” ti wá. Kò pọn dandan kí “òtútù àyà” kúrò lẹ́nu ará ìlú, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ olùtọ́jú, orúkọ tuntun yìí ni yóò sọ ibi tí àrùn ti wọlé. Kí wọ́n sì fi kún un pé itọ́ ẹnu lè pá arúgbó lórí láìjẹ́ pé ó wúkọ́.

7. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bá ibùsùn

Láti ìgbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní ọdún 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ni ó ti hàn pé sáyẹ́ǹsì ṣeé kọ́ ní Yorùbá. Ọ̀pọ̀ àkójọ ọ̀rọ̀ ni ó ti jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Arúgbó tí ń bẹ lórí ibùsùn kò nílò ọ̀rọ̀ orúkọ tó bí ó ti nílò ọ̀rọ̀ tí wọ́n yóò fi bá a sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó mọ èdè méjì, tí iyè rẹ̀ sì ń rà, sábà máa ń pàdánù èdè tí ó fi àgbà kọ́ kí ó tó pàdánù èyí tí wọ́n fi tọ́ ọ. Ìyá Yorùbá tí ó ti lo ogójì ọdún ní London lè dé ibi tí kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Bí wọ́n bá wá fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án lẹ́nu láìsọ ohun tí ó lè yé e, yóò di ẹnu pa, yóò gbá ọwọ́ wọn dànù, tàbí kí ó gé wọn jẹ. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, wọn yóò kọ ọ́ pé ó kọ ìtọ́jú. Kì í ṣe ìtọ́jú ni ó kọ̀. Ẹ̀rù ni ó bà á.

Ní ilé tí olùtọ́jú ti gbọ́ Yorùbá, ohùn àti ọ̀wọ̀ lè ṣe ju agbára lọ. “Ya ẹnu!” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ń sọ sí àgbà, bí iyè àgbà bá tilẹ̀ ti rà, etí rẹ̀ ṣì lè mọ àrífín. “Màmá, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fọ ẹnu ká tó jẹun. Ẹ lanu díẹ̀ mà. Ẹ ṣeun, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán”: gbólóhùn kúkúrú, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, tí ó ṣáájú ìṣe kọ̀ọ̀kan. Kí olùtọ́jú gba iwájú wá, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ àti ti arúgbó lè dọ́gba. Kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì sí arúgbó lọ́wọ́, kí ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ náà kí àwọn méjèèjì jọ máa gbo ó. Ọwọ́ lè rántí ohun tí orí ti gbàgbé. Bí arúgbó bá kọ̀, kí ó fi í sílẹ̀, kí ó padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí ibi kankan tí ìjà ti jẹ́ ara ìtọ́jú.

Àwọn gbólóhùn wọ̀nyí tó èdè ìmọ̀. Ó yẹ kí wọ́n wà nínú àkójọ ọ̀rọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ “àlẹ̀mọ́” àti “èépá”, kí àwọn olùtọ́jú tí kì í ṣe Yorùbá pàápàá lè kọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú wọn.

8. Àtakò àti ìdáhùn

Àwọn kan yóò sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú òkè òkun, pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kò ní ibi tí yóò dé. Òtítọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìwé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ni ń fọ eyín. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn arúgbó Yorùbá wà nílé, lọ́wọ́ ọmọ, ìyàwó ilé àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú kankan. Àwọn wọ̀nyí ni ó nílò ọ̀rọ̀ tí yóò ṣàlàyé ara rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé orúkọ kò lè fọ ẹnu, pé òṣìṣẹ́ ni kò tó, tí àkókò kò sì sí. Ẹjọ́ wọn tọ́ dé ìwọ̀n àyè kan. Olùtọ́jú tí ó ní arúgbó mẹ́wàá láti wẹ̀ kí oúnjẹ àárọ̀ tó dé yóò fo ohun kan, orúkọ kankan kò sì lè fi wákàtí kún ọjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò fò ni ohun tí kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ohun tí ó bá ní orúkọ ni wọ́n lè kọ sínú ìwé, ohun tí wọ́n kọ ni wọ́n lè béèrè, ohun tí wọ́n ń béèrè ni alábòójútó ilé yóò wá òṣìṣẹ́ fún.

9. Ìgúnlẹ̀

Ó tọ́ nígbà náà kí àwọn onímọ̀ èdè, àwọn dókítà eyín àti àwọn olùtọ́jú jọ jókòó. Kí ìjókòó náà má ṣe jẹ́ ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan, nítorí pé ẹni tí ń di búrọ́ọ̀ṣì mú ni ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń kùnà. Kí wọ́n yẹ àwọn àbá òkè yìí wò, kí wọ́n ju èyí tí kò dára nù, kí wọ́n sì fi èyí tí ó bá dára dán àwọn olùtọ́jú wò: bí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí bá lè sọ ohun tí yóò ṣe lẹ́yìn tí ó gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà yege. Lẹ́yìn náà, kí ohun tí wọ́n bá fi ẹnu kò sí má ju ojú ewé kan lọ, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó ṣeé lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kí ilé kọ̀ọ̀kan sì dárúkọ ẹnì kan tí ìtọ́jú ẹnu wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tí yóò jíyìn fún un ní ìrọ̀lẹ́.

Àwọn Yorùbá gbà pé ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Bí ẹnu náà bá ń ro ó, obì kò ní gbó níbẹ̀, àdúrà àti ìmọ̀ràn tí ọmọ ń retí kò sì ní jáde. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ní àárọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ní alẹ́, kò sì yẹ kí ó ṣòro fún ilé tàbí fún ọmọ láti fún àgbà ní ìyẹn.